Ṣe Bí O Ti Mọ: Ta Ni Yóò Wọn Agbára Ẹni Tó Ń Ta Tẹ́tẹ́?

Nínú ìwé pélébé yìí, a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí ibà, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, lórí oúnjẹ aṣaralóore àti lórí ìtọ́jú aboyún. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ẹni pé kò kan ilé ìwòsàn rárá. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé owó oògùn ọmọ, oúnjẹ aboyún àti oorun bàbá ilé wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Ohun tó ṣòro ni pé kí a mọ ẹni tí yóò mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ṣé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ni? Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ṣé ìjọba ni, àbí ìyàwó àti ọmọ tó wà nílé? Ìbéèrè yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba láàárín àwọn tó ń fi owó lé eré ẹṣin. Ó sì kan àwa náà níhìn-ín ju bí a ti rò lọ.

LÁTI ORÍ ẸṢIN DÉ ORÍ AJÁ TÍ KÒ LẸ́MÌÍ

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ayé ìjọba amúnisìn, pápá eré ẹṣin ńlá kan wà ní Èkó, níbi tí Gbàgede Tafawa Balewa wà lónìí, àwọn ènìyàn a sì máa fi owó lé ẹṣin tí wọ́n gbà pé yóò ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni púùlù gbòde, tí àwọn bàbá wa ń jókòó ti ìwé, tí wọ́n ń ṣírò èsì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú tún wà lọ́tọ̀. Nígbà tó di ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ NairaBet bẹ̀rẹ̀ sí gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní àwọn ilẹ̀ kan tó wà nítòsí wa, bíi Côte d'Ivoire, Burkina Faso àti Mali, àwọn ènìyàn ń fi owó lé ẹṣin tó ń sáré ní ilẹ̀ Faransé, ẹṣin tí wọn kò fojú kàn rí.

Ẹni tó bá wọ ìgboro Ìlọrin lónìí yóò rí ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n gbé amóhùnmáwòrán kọ́ sára ògiri rẹ̀. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, ajá àti ẹṣin ni yóò máa sáré lórí rẹ̀. Àwọn ajá wọ̀nyí kò lẹ́mìí. Àwòrán inú ẹ̀rọ ni wọ́n, ẹ̀rọ náà ló sì ń yan èyí tí yóò ṣíwájú. Kò sí ẹni tó lè mọ ajá tó yá ẹsẹ̀ nínú wọn, nítorí pé kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Àwa ará Ìlọrin mọ ẹṣin. A máa ń rí i bí wọ́n ti ń gùn ún lọ́jọ́ ọdún. A mọ̀ pé ó máa ń rẹ ẹṣin. Ẹṣin gbọ́dọ̀ jẹ koríko, ó gbọ́dọ̀ sinmi kó tó tún sáré. Nítorí náà, ẹni tó pàdánù lórí eré ẹṣin ní ayé àtijọ́ ní àyè láti lọ sílé, kó sùn, kó sì ro ara rẹ̀ wò. Ajá inú ẹ̀rọ kì í rẹ̀, kì í jẹun, kì í ṣòjòjò. Bí eré kan bá parí, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Fóònù sì ti gbé ilé tẹ́tẹ́ náà dé orí ẹní oníkálukú, títí kan ẹni tó wà ní abúlé tí ọkọ̀ kò dé déédéé. Ibi tí kò bá ti sí ìsinmi, ọpọlọ ènìyàn kì í ráyè ronú.

ÀRÍYÀNJIYÀN ÌLÚ ỌBA

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì gbé ìwé àbá kan jáde lórí àtúnṣe òfin tẹ́tẹ́. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa yẹ agbára àwọn oníbàárà wọn wò. Bí ẹnì kan bá pàdánù 125 pọ́ọ̀nù láàárín oṣù kan, tàbí 500 pọ́ọ̀nù láàárín ọdún kan, kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ tó wà ní gbangba bóyá onítọ̀hún ti wọ gbèsè tí kò rí san. Bí àdánù náà bá dé 1,000 pọ́ọ̀nù láàárín wákàtí 24, tàbí 2,000 pọ́ọ̀nù láàárín 90 ọjọ́, kí àyẹ̀wò náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ẹlẹ́ṣin fárígá. Wọ́n ní owó ẹni ni ẹni ń ná, kò sì yẹ kí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ máa béèrè ìwé báńkì lọ́wọ́ àgbàlagbà kó tó fi owó lé ẹṣin tó wù ú. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ń dà láàmú yóò sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ láìgba àṣẹ, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ rárá. Wọ́n tún rán ìjọba létí pé inú èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń jẹ lórí eré ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ ìdá 10 nínú 100 láti fi gbé eré náà ró, àti pé bí tẹ́tẹ́ bá dín kù, iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ẹṣin wà nínú ewu. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ gba ìbuwọ́lù tó lé ní 100,000, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì jíròrò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024.

Àwọn tó fọwọ́ sí àyẹ̀wò náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́nu. Lára wọn ni tọkọtaya kan, Charles àti Liz Ritchie, tí ọmọ wọn Jack gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọdún 2017, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni tẹ́tẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ní ọdún 2022, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ sọ pé àìsàn tẹ́tẹ́ wà lára ohun tó fa ikú náà, àti pé ìkìlọ̀ àti ìtọ́jú tó wà nígbà náà kò tó. Irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé: bí ilé-iṣẹ́ bá rí i pé ọmọ ènìyàn ń rì, ṣé kí ó máa gba owó rẹ̀ lọ ni?

Níkẹyìn, wọ́n gba ọ̀nà àárín. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹni tí owó tó san wọlé bá fi ju 500 pọ́ọ̀nù lọ ju èyí tó gbà jáde lóṣù ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di 150 pọ́ọ̀nù. Àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Wọn kì í béèrè ìwé báńkì níbẹ̀, kìkì àkọsílẹ̀ gbèsè tó wà ní gbangba ni wọ́n ń wò. Èyí tó jinlẹ̀ ni wọ́n gbé sínú ìdánwò kí wọ́n tó pinnu lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí yóò wúlò fún wa láìpẹ́: ènìyàn lè mọ̀ bóyá ẹrù ti ń wọ ẹnì kejì lọ́rùn láìtú àpò rẹ̀ wò.

NÍHÌN-ÍN ŃKỌ́?

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ ló ti gbà wá lákòókò jù. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan ní ọdún 2005 tó fi àkóso náà sábẹ́ àjọ tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 2008, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ náà fagi lé òfin yẹn fún gbogbo ìpínlẹ̀, ó ku Àbújá nìkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀, títí kan Kwárà tiwa, ni agbára láti ṣòfin lórí tẹ́tẹ́ wà.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ní gbogbo ọdún 16 yẹn ni ẹni tí yóò fúnni láṣẹ tí yóò sì gba owó orí. Kì í ṣe ẹni tí yóò wọn agbára ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ lè fi owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20 láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í pé, "Ọ̀rẹ́, ṣé ilé dára?"

Bí a bá tilẹ̀ gbé òfin Ìlú Ọba wá síhìn-ín bó ti wà, ibi díẹ̀ ni yóò dé. Àkọsílẹ̀ gbèsè àti ìwé báńkì ni òṣùwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni owó àgbẹ̀ Òkè-Oyi wà? Inú ebè iṣu ni ó wà, inú àká àgbàdo ni ó wà. Owó ìyá tó ń ta òrí tàbí irú wà nínú ọjà rẹ̀. Èyí tí wọ́n tù jọ wà lọ́wọ́ olórí àjọ. Gbèsè wa pàápàá, ọ̀dọ̀ aládùúgbò, àna àti ẹlẹ́gbẹ́ ẹni ni ó wà. Kò sí nínú ìwé kankan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ka ebè. Àwọn tó mọ bí oko ti rí, tó mọ ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé-ìwé, tó sì mọ ìkòkò tí kò gorí iná lálẹ́ àná, inú ilé ni wọ́n wà. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ará ilé ni òṣùwọ̀n tó péye jù lọ wà ní àdúgbò tiwa, kí òfin tó dé àti lẹ́yìn tí ó bá dé.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ÌLERA?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka àìlèjáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ mọ́ àìsàn nínú ìwé àkójọ àìsàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú ọtí àti oògùn olóró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ ni àìsàn yìí ń mú, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹni tó mu ọtí ni ó ń di ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ẹni tí ayé ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí kò ní làákàyè. Ọpọlọ rẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ti kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ènìyàn bá ń retí ohun rere tí kò dá a lójú, ọpọlọ a máa tú omi kan sílẹ̀ tó ń mú ara yá gágá. Bí ó bá jẹ, ara yóò yá. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó jẹ, ara yóò tún yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ti lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí eré kan ṣoṣo já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í fi í sọ pé, "Mo pàdánù," ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó kù díẹ̀!" Bí ó bá pẹ́, owó kékeré kò ní mú ara yá mọ́, àfi ńlá. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí lé owó tó ti sọ nù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn jù lọ: "Kí n ṣáà gba owó mi padà, n óò fi í sílẹ̀." Ilé tẹ́tẹ́ kò gba ohun ìdúró, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà padà níbẹ̀. Tẹ́tẹ́ tuntun ni oníkálukú ń ta.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká sọ pé ajá 6 ń sáré nínú ẹ̀rọ, àǹfààní wọn dọ́gba, ilé tẹ́tẹ́ sì ń san ìlọ́po 5 fún ẹni tó bá mú èyí tó ṣíwájú. Bí ẹ bá fi ₦100 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ti san ₦600. Èyí tó wù kó ṣíwájú, ₦500 ni ẹ ó gbà. ₦100 ti wọ àpò onílé kí ajá tó gbéra. Bí ó ti rí nìyẹn nínú gbogbo tẹ́tẹ́. Ibi tí wọ́n fi ọgbọ́n náà pamọ́ sí ló yàtọ̀.

Ti bọ́ọ̀lù ńkọ́, níbi tí ìmọ̀ wà? Ká sọ pé ẹ mọ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń gbà á ní ìgbà 6 nínú 10. Ìmọ̀ ńlá nìyẹn. Bí ẹ bá so eré 10 pọ̀ mọ́ ara wọn lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, nǹkan bí ìgbà 6 péré nínú 1,000 ni gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí i. Ẹni tó jẹ ni wọ́n máa ń gbé àwòrán rẹ̀ kiri. Wọn kì í gbé àwòrán àwọn yòókù.

Ibi tí èyí ń já sí nínú ara àti nínú ilé ni àìsùn, orí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn, ìbínú òjijì, ọtí àmujù àti ìbànújẹ́ ọkàn. Ọmọ inú ilé ń rí i nínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Aboyún ń rí i nígbà tí kò bá rí owó ọkọ̀ dé ibi ìtọ́jú. Ọmọ tí ibà ń ṣe ń rí i nígbà tí wọ́n bá ń fi àgbo dá a dúró di ọjọ́ kẹrin, nítorí pé owó oògùn ti bá ajá lọ.

ÀYẸ̀WÒ AGBÁRA NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀yin òǹkàwé, èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Kí a tó fi owó lé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn agbára. Bí a ti ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ ṣírò ohun tó ń wọlé, kí ẹ pín in sí oṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yìí, tó sì ń fi ₦500 ta tẹ́tẹ́ lójúmọ́, ń ná ₦15,000 lóṣù, èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ lọ. Láàárín ọdún kan, ó di ₦182,500, tó ju owó oṣù méjì lọ. Ti àgbẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbà ìkórè ni owó rẹ̀ ń wọlé, ó sì ń dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ká sọ pé ó ta iṣu ₦600,000. Bí ó bá pín in sí oṣù 12, ₦50,000 ni ti oṣù kan. ₦500 kan náà lójúmọ́ ti di ₦3 nínú ₦10 rẹ̀.

2. Ẹ yọ ohun tí kò ṣeé dúró dè kúrò. Àwọn ni oúnjẹ, oògùn, owó ilé-ìwé, owó ilé, irúgbìn àti iṣẹ́ oko, owó àjọ àti gbèsè.

3. Ẹ ya owó olówó sọ́tọ̀. Owó àjọ tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ yín, owó ẹgbẹ́, owó ọjà, owó tí a yá, owó ilé-ìwé tí wọ́n fi rán ọmọ: kò sí èyí tó jẹ́ owó tẹ́tẹ́ nínú wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan péré ti gba ìkìlọ̀.

4. Ẹ wo ohun tó kù. Ní ti ìlera, kò sí iye tẹ́tẹ́ tó ṣe ara lóore. Ẹni tí kò bá ta rárá ló gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun yóò ta, kó mú iye tí kò ní dun ilé bó bá sọ nù, kó dá a sí iye kan lóṣù kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì fi kún un, ìbáà jẹ́ pé ó jẹ tàbí ó pàdánù.

5. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ owó tó jáde sí apá kan, kí ẹ kọ èyí tó wọlé sí apá kejì. Ẹnu a máa rántí ọjọ́ tí ó jẹ. Ìwé kì í gbàgbé èyí tí kò jẹ.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá yóò sọ: "Ta ni yóò máa yẹ àpò mi wò nínú ilé mi?" Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlú Ọba gan-an nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọkọ ní àpò tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, àṣà náà sì ní iyì tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ fi àpò sílẹ̀, kí ẹ jọ wọn ẹrù. Kí tọkọtaya jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí wọ́n ka ẹrù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pín ẹni tí yóò ru èyí àti ẹni tí yóò ru tọ̀hún, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí. Bí ẹrù bá dé ibi tó yẹ ní ọjọ́ tó yẹ, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ohun tó kù nínú àpò ẹnì kejì. Bí ẹrù kan bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, nígbà náà ni ẹnì kejì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kí a sì dá a lóhùn pẹ̀lú òtítọ́. Ẹ̀yin ìyá pẹ̀lú, àdéhùn yìí kàn yín. Obìnrin náà ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó ń rí wọn.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kúkurú ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fúnra wọn ń kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta. Kí bàbá má rán ọmọ lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ìyá má fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá ń bá bàbá yọ̀ nígbà tí ajá jẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

BÁWO NI A ṢE Ń MỌ̀ PÉ Ó TI DI ÀÌSÀN?

Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí lára ara yín tàbí lára ẹni yín:

– Kó máa ro tẹ́tẹ́ ṣáá lẹ́nu iṣẹ́, lórí oúnjẹ, àti nígbà ìjọ́sìn.
– Kó máa fi owó tó ń tóbi sí i ta á.
– Kó ti gbìyànjú láti jáwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kó má lè ṣe é.
– Kí ara rẹ̀ máa gbóná tàbí kó máa bínú bí kò bá ta á.
– Kó máa padà lọ lójoojúmọ́ láti lé owó tó sọ nù.
– Kó máa purọ́ nípa ibi tó lọ àti ohun tó fi owó ṣe.
– Kó máa yá owó kiri, kó máa ta ẹrù ilé, tàbí kó fọwọ́ kan owó olówó.

Bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn, ẹ má dúró. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

OHUN TÓ YẸ KÍ ARÁ ILÉ ṢE

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í ṣe lójú ọmọ, kì í sì í ṣe ní ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Owó ilé-ìwé kò tíì dé, ẹ kì í sì í sùn mọ́." Ẹ má pè é ní olè tàbí apàdánù. Ìtìjú ló ń sé ọ̀pọ̀ mọ́lé tí wọn kò fi ń wá ìtọ́jú.

Ẹ má san gbèsè rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àánú ni ó ń jọ, ṣùgbọ́n owó tẹ́tẹ́ tuntun ni ó máa ń dà. Bí ẹ óò bá ràn án lọ́wọ́, kí ó jẹ́ pé ẹni tó yá a lówó ni ẹ san án fún, lẹ́yìn tí ó ti gbà láti lọ gba ìtọ́jú. Ẹ rọ̀ ọ́ kí ó fi owó rẹ̀ sí àbójútó ẹni tó fọkàn tán fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì pa àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń lu ènìyàn, kí ìyàwó má dá kojú rẹ̀. Kó pe àgbà ẹbí tàbí kó wá sí ilé ìwòsàn kọ́kọ́.

Ìtọ́jú wà. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni pàtàkì jù nínú rẹ̀: a ó ràn án lọ́wọ́ láti mọ àkókò àti èrò tó ń gbé e lọ sí ibi tẹ́tẹ́, àti ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò fi ìwé rán yín lọ sí Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, lọ́nà Jẹ́bà àtijọ́, níbi tí àwọn dókítà onímọ̀ ọpọlọ wà. Kò jìnnà sí Òkè-Oyi. Ẹnikẹ́ni kò ní pè yín ní wèrè níbẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti iyì.

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹni tó jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ ń sọ pé, "Ó sàn kí n kú," ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gbèsè ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mí kò ní ìdápadà.

OHUN TÓ KÙ FÚN ÌLÚ

Ilé nìkan kò lè ṣe é tán. Àwọn ohun kan wà tí ìyá ilé kò lè dá dúró, bí eré tó ń sá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, ọmọdé tí wọ́n ń gbà wọlé, àti ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé. Nísinsìnyí tí ilé-ẹjọ́ ti fi àṣẹ lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí àwọn aráàlú bá àwọn aṣojú wọn sọ ọ́: kí ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lè dá òpin sí owó ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ sì pa òpin náà mọ́, kí ẹni tó bá ní kí wọ́n má gba òun mọ́ rí ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn, kí a sì ya díẹ̀ nínú owó orí tẹ́tẹ́ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú. Àwọn àlùfáà, àwọn pásítọ̀ àti àwọn baálẹ̀ náà ní iṣẹ́ ní ìhà tiwọn: bí ẹ ti ń wàásù pé tẹ́tẹ́ kò dára, ẹ fi kún un pé ẹni tó ti há sínú rẹ̀ lè rí ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, òṣùwọ̀n ti wà lọ́wọ́ yín. Ní alẹ́ òní, kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n ka ẹrù ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí apọ́n mú ìwé kékeré kan, kó kọ ohun tó fi ta tẹ́tẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá síbẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ohun tí ẹ bá kọ bá bà yín lẹ́rù, ẹ gbé ìwé náà lọ́wọ́ kí ẹ sì máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. A ó gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kò sì ní jáde lẹ́nu wa.

Ṣe bí o ti mọ. Ìlera lọrọ̀.